Ìpéǹpéjú kámẹ́rà kì í ṣe ti àgbáyé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí ìwé ìtọ́sọ́nà tí a fẹ́ fi Yorùbá kọ fún àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà púpọ̀ gba ìjó bàtá sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè ti inú àwọn àwòrán náà ṣírò ibi tí èjìká, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ oníjó wà nígbà gbogbo tí ó ń jó, láìsí pé a lẹ ohunkóhun mọ́ ọn lára. Wọ́n dábàá pé kí a pe "global shutter" ní ìpéǹpéjú àgbáyé, kí a pe "rolling shutter" ní ìpéǹpéjú ayíbírí, kí a sì pe iṣẹ́ náà lódindi ní ìgbàṣesísílẹ̀ aláìlámì. Mo fara mọ́ apá kan àbá yìí, mo sì tako apá kejì, nítorí pé ìwé yìí ni ẹni tó ń lọ ra kámẹ́rà yóò mú dání. Bí orúkọ bá ṣì í lọ́nà, owó rẹ̀ ni yóò gbé.

Ìpéǹpéjú fún "shutter", ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń padé kí kámẹ́rà lè gba ìmọ́lẹ̀, ni mo fara mọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kan fẹ́ "ìlẹ̀kùn kámẹ́rà", ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí èdè wa ti ń fi ojú tó ṣẹ́ wọn àkókò: a ní ìṣẹ́jú, a sì ní ìṣẹ́jú-àáyá fún èyí tó yá ju ìyẹn lọ. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ìpéǹpéjú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, kò sí Yorùbá tí yóò ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ìgbàṣesísílẹ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n gbà ṣẹ̀dá rẹ̀.

Àgbáyé ni kò bá mi lára mu. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan jẹ mọ́ ayé, èkejì jẹ mọ́ ohun tó kan gbogbo nǹkan pátá lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì yìí sì ni àwọn tó ṣe kámẹ́rà ní lọ́kàn. Ojú agbàmọ́lẹ̀ tó wà nínú kámẹ́rà kún fún àwọn ojúàmì ("pixel"), àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí a tò ní ìlà ìlà. Nínú irú kámẹ́rà kan, gbogbo ìlà yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ́lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń dáwọ́ dúró pọ̀. Nínú irú kejì, ìlà òkè ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi kan ìlà ìkẹyìn. Kò sí ayé nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí ohun tó ń yí bírí nínú ti èkejì. Bí ọmọ kan bá sì wọ ọjà lọ béèrè kámẹ́rà ìpéǹpéjú àgbáyé, oníṣòwò tòkunbọ̀ yóò búra fún un pé gbogbo èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun ni ti àgbáyé, ṣebí òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹ wo apá oníjó bàtá nígbà tí ìyáàlù bá pè é, tí ó sì ju apá láti ẹ̀gbẹ́ itan lọ sókè orí. Bí ọwọ́ náà bá ń sáré mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kámẹ́rà sì ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.02 láti ka ìlà òkè dé ti ìsàlẹ̀, ọwọ́ yóò ti rin sẹ̀ǹtímítà 10 kí kámẹ́rà tó ka àwòrán kan ṣoṣo tán. Kámẹ́rà kan lè rí ọwọ́ náà nínú ìlà òkè, kí ẹlòmíràn tó wà ní igun kejì gbàgede rí i nínú ìlà àárín, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà tí wọ́n rí i kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣe ni kọ̀ǹpútà ń ṣe bí ẹni tó na okùn láti ojú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan gba ara ọwọ́ náà kọjá, tí ó sì ń sọ pé ibi tí àwọn okùn náà ti pàdé ni ọwọ́ wà. Bí ìgbà kò bá dọ́gba, okùn kò ní pàdé. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá ìpéǹpéjú aṣílẹ́ẹ̀kan fún irú àkọ́kọ́, àti ìpéǹpéjú ẹlẹ́sẹẹsẹ fún irú kejì. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì ti mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò.

N kò sọ pé kí ẹlẹ́sẹẹsẹ di orúkọ èébú o. Ètò OpenCap tí àwọn ará Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé jáde ń lo iPhone méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlẹ́sẹẹsẹ sì ni kámẹ́rà fóònù. Ó ń wọn ìrìn àti ìdìde ènìyàn lórí àga dáadáa. Bàtá ló yára ju ìyẹn lọ.

Ní ti aláìlámì, ẹ jẹ́ ká rántí ara wa. Láàárín àwa tí a wà níhìn-ín, ìwé aláìlámì ni ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn sí, a sì mọ ojú tí a fi ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n máa ń lẹ bọ́ọ̀lù kékeré tó ń dán mọ́ oríkèé ara, kámẹ́rà àkànṣe á sì máa wá ìdán yẹn kiri. Lílẹ̀ mọ́ ara yìí ni iṣẹ́ tuntun pa tì, nítorí náà mo fara mọ́ ìgbàṣesísílẹ̀ aláìlẹ̀mára. Kí ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí kámẹ́rà tó lè rí ìgbọ̀nwọ́ tó wà lábẹ́ dàńdógó.

Ẹnì kan béèrè ohun tí a ó pe kí gbogbo kámẹ́rà máa ya àwòrán lásìkò kan náà gẹ́lẹ́. Ìlajúpọ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, àmọ́ ọ̀làjú ti gba ojú ọ̀nà yẹn, mo sì yà sí ìṣíjúpọ̀. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sí wáyà tó ń pàṣẹ fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, lè fi ìdajì àkókò tó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì ṣíjú ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò ti rin bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Pípàtẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn lè ràn wá lọ́wọ́ láti to àwọn fídíò náà pọ̀ lẹ́yìn ìjó, ṣùgbọ́n kò lè tún ìdajì àkókò yẹn ṣe. Nítorí náà, ihò wáyà ìṣíjúpọ̀ ni kí olùrà kọ́kọ́ wò lára kámẹ́rà, kí ó tó béèrè bóyá àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete.

Ẹni tó ní kí a ju ọ̀rọ̀ "kámẹ́rà" nù, kí a máa kọ "ẹ̀rọ-ayàwòrán", ti gbàgbé ìlú tí a ń kọ̀wé fún. Ní 1962, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari tí wọ́n fi pe ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará ìlú ló sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, ó sì di Yorùbá lẹ́nu wọn. Kámẹ́rà ti di tiwa.

Ọ̀kan ló kù tí n kò rí orúkọ fún. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; nítorí pé àlọ àti àbọ̀ ni, ọ̀pọ̀ gílóòbù tí a fi sí i máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Ìpéǹpéjú kámẹ́rà tó ṣí fún ìdá kan nínú 1,000 yóò bá iná nígbà tó tàn àti nígbà tó rẹ̀, àwòrán kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ṣókùnkùn. A kò lè pe èyí ní ìṣẹ́jú iná, nítorí pé òǹkàwé Òṣogbo yóò rò pé iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi mú iná wá lónìí ni. "Iná tó ń ṣẹ́" ni mo kọ sí ibẹ̀ ná. Kí ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù fi ránṣẹ́ kí a tó tẹ ìwé náà.