Ṣé ẹ̀kọ́ ni ìyà tó ń jẹ wá yìí, àbí ìyà lásán?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Iléṣà):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọjà Atákúnmọ́sà ni mo ti ń ta èlùbọ́. Télọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó dá wọn wólẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń há sí wọn lẹ́nu. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń júwe pé kí n fi téèpù kọ́ wọn lọ́rùn kí n tó gbé wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò sí aṣọ kankan nílẹ̀ tí a fẹ́ rán o.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wa ka Róòmù 5 sí mi létí pé ìpọ́njú ń ṣiṣẹ́ sùúrù. Ó ní kí n dìde, kí n dúpẹ́ fún àìsàn náà. Mo dìde, mo jó. Ṣùgbọ́n ìkanra ni ìpọ́njú tèmi ń bí, sùúrù ò tíì yọjú. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Tó bá di òru, bí ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni mo ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyìí: o ṣèlérí, san án. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, níbo lẹ ti rí Ọlọ́run nínú rẹ̀?

Ọmọ Òkè-Ọ̀ọ́yè:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ní 1930 ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀ọ́yè, ní Iléṣà níbí, lọ́wọ́ Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá. Nígbà tó di 1932, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù wọ́n sí ní Bìní. Wọ́n jáde, iṣẹ́ ìhìnrere ń lọ. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ gbé bàbá lọ sórí òkè àdúrà ní Ìkejì-Arákejì. Á dẹ̀rín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ilé-Ifẹ̀):
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Òkè ò burú, àmọ́ ẹ má tìtorí ààwẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró o. (Ta ló tilẹ̀ fẹ́ pọ̀n wọ́n gun òkè?)

Jóòbù náà ní òun fẹ́ bá Ọlọ́run rojọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe alágbàwí Ọlọ́run, tí wọ́n ń wá ìdí tí ìyà fi ń jẹ ẹ́. Nígbà tó di orí 42, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn ò sọ òtítọ́ nípa òun bíi ti Jóòbù. Ohun dáadáa tí wọ́n ṣe ni ọjọ́ méje àkọ́kọ́, tí wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ ka Sáàmù 88 náà. Inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Pọ́ọ̀lù tó kọ Róòmù yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ẹ̀gún kúrò lára òun. N ò rí i kà pé ó jó.

Èmi náà tọ́jú ọkọ mi títí wọ́n fi lọ. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé torí kí n lè gbọ́n ni wọ́n ṣe ṣàìsàn. Àmọ́ obìnrin kan wà tí a jọ ń bára wa jà ní ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló ń wá fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tí ọkọ mi bá tọ̀ sí. Ojú tì mí láti gbà fún un, torí èmi ni mo máa ń ṣe oore fúnni. Ìdí báàfù ìfọṣọ yẹn ni mo ti rí Kristi, kì í ṣe orí pẹpẹ.

Ṣé bàbá ń kọrin? Ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu báyìí ṣì máa ń kọ orin tó ti mọ̀ tipẹ́, torí ibi tí a fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ nìkan kọ́ la fi ń kọrin. Ẹ dán an wò.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Màmá, a dán an wò lálẹ́ àná. Orin ìwé tí wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá ń rán aṣọ, wọ́n kọ ẹsẹ kìíní tán, ó já gaara! Wọ́n fẹ́ pe orúkọ mi lẹ́yìn rẹ̀, ó tún há. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ni èmi sun. Ṣé ká bọ́ sí ẹsẹ kejì ni, àbí ká ṣì dúró lórí èyí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n kọ. Kí ẹ wá fi orúkọ yín sí ohùn orin náà, kí ẹ jọ máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.