Páìpù dí, a da ásíìdì sí i, omi ẹ̀ wá di ẹjọ́: ẹ sọ tiyín

Ṣíífìtì Alẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ mànàmáná. Kọndẹ́ńsà wa, ẹ̀rọ tó ń mú kí oru omi tutù padà di omi, ti dí. Ó ti tó oṣù méjì tí fákúùmù, ìyẹn òfo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀, ti ń jábọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ò gbé iná tó yẹ kó gbé mọ́. Àwọn ọ̀gá ní tá a bá ti pa ẹ̀rọ, ká da ásíìdì sí i, kó tán síbẹ̀. Màdáámù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká ní ẹ̀kán omi kan ò ní gba géètì jáde àyàfi tóun bá rí èsì láàbù. Èmi ni wọ́n wá ní kí n kọ bá a ṣe máa ṣe é sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá tíọ́rì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó sọ bó ṣe bọ́ níbẹ̀.

Baba Bọ́ílà:
Àbúrò, bọ́ílà ni tèmi, kì í ṣe kọndẹ́ńsà, ṣùgbọ́n wàhálà omi ẹ̀yìn ẹ̀ kan náà ni. Ásíìdì háídírókílóríìkì la lò, bíi 5%, a gbé e gbóná dé nǹkan bíi 65°C, a sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹ irin fúnra ẹ̀ sí i. Wákàtí mẹ́fà la fi ń yí i ká. Wákàtí kọ̀ọ̀kan la ń bu díẹ̀ lọ sí láàbù, ìgbà tí irin inú ẹ̀ ò gòkè mọ́ la mọ̀ pé èépá ti tán lára páìpù. Títí débẹ̀, ẹ̀rín là ń rín. Táńkì méjì wà nílẹ̀ fún ásíìdì yẹn, láìmù, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa agbára ásíìdì, wà, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere.

Ohun tí ẹnì kankan ò kà mọ́ ọn ni omi tá a máa fi ṣan inú bọ́ílà lẹ́yìn ásíìdì. Ìṣàn kìíní, pH ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó, ṣì wà ní 2. Ìkejì, 3 àti díẹ̀. Ìkẹta ṣì pọ́n bí ìpẹtà. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, táńkì méjèèjì ti kún dẹ́nu, omi ṣì wà nínú bọ́ílà, èmi sì dúró, ọwọ́ mi wà lórí fáàfù tó lọ sí gọ́tà. Mò ń wo ojú ọ̀gá mi, òun ń wo bàtà ẹ̀.

A ò ṣí i. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbé táńkì míì dé. Ẹ ka omi ìṣàn mọ́ ọn o, ó pọ̀ ju ásíìdì fúnra ẹ̀ lọ.

Kò-sí-wàhálà:
Omi alágbára la fi fọ tiwa. Kò sí ásíìdì, kò sí ìwé.

Ìyá Láàbù:
Omi alágbára tó jáde ńkọ́, ṣé ọ̀run ló gbà lọ? Ohun tó hó kúrò lára páìpù wà nínú ẹ̀ kẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bàbà ló pọ̀ nínú èépá bọ́ílà tiwa. Tó bá sì ti jẹ́ bàbà, ásíìdì lásán á tú u níbì kan, á tún lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin níwájú, bí ìgbà téèyàn ń kun páìpù. Wọ́n wá fi amóníà fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Omi tó jáde mọ́ gaara, ó sì dúdú mìnìjọ̀ bí aró. Òpẹ́rétọ̀ gbé ìgò ẹ̀ wá bá mi, inú ẹ̀ ń dùn: “Màámi, ẹ wò ó, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.” Mo bu láìmù sí i nínú bíkà, mo rò ó. Láìmù rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí bíkà, ó funfun báláú, omi tó wà lókè ẹ̀ ṣì jẹ́ aró. Mo fi kún un. Bákan náà ni. Amóníà ló di bàbà mú, kò jẹ́ kó wálẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi wà lẹ́nu ẹ̀ kí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sọ́fáìdì tó fà á wálẹ̀, ó dúdú bí èédú. Èmi fúnra mi ni mo sì dúró ti táńkì tí mo ní kí wọ́n gbé pH sókè kí ẹnikẹ́ni tó ṣí àpò sọ́fáìdì. Tí ásíìdì bá fi lè pàdé ẹ̀, òórùn tó máa jáde níbẹ̀ ń pa èèyàn.

Onígbàgbọ́-díẹ̀:
Bí aró? Ẹ̀yin náà ẹ máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ níbí.

Baba Bọ́ílà:
Kò bù mọ́ ọn. Mo ti rí i rí. Ó tiẹ̀ rẹwà, ìyẹn ló ń ba èèyàn lẹ́rù.

Jénjé Irin:
EDTA, kẹ́míkà míì tá a fi ń fọ bọ́ílà, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin. Ó máa dì í mú pinpin, láìmù ní pH 9 ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa ò tiẹ̀ bá a jà mọ́. Inú iná bọ́ílà kejì là ń fín in sí díẹ̀díẹ̀, omi á gbẹ, EDTA á jóná, ó parí.

Ìyá Láàbù:
Irin àti bàbà inú ẹ̀ ńkọ́? Àwọn yẹn kì í jóná o.

Jénjé Irin:
Wọ́n á bá eérú lọ.

Ìyá Láàbù:
Eérú ń lọ síbo? Ṣé ó wà nínú ìwé àṣẹ yín?

Jénjé Irin:
Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹjọ́ mi la wá dá níbí ni? Ó wà níbẹ̀. Odidi ojú ìwé kan.

Gọ́tà Ò Ríran:
Kí ni gbogbo èyí? Ẹ máa tú u sínú omi ìtutù díẹ̀díẹ̀ lóru. Omi yẹn pọ̀ bí òkun, ta ló máa mọ̀?

Akọ̀wé Àyíká:
Láàbù á mọ̀. Mo ti jókòó ti ẹni tó sọ irú ẹ̀ rí níwájú àwọn tó wá yẹ̀ wá wò, òógùn tó bo ẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ wo òfin Amẹ́ríkà, 40 CFR Part 423, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná. Omi tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ irin nílé-iṣẹ́ mànàmáná kò gbọ́dọ̀ ní ju 1.0 mg/L irin àti 1.0 mg/L bàbà lọ, pH ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 6 sí 9. Tẹ́ ẹ bá sì pò ó mọ́ omi míì, ìpín tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá nìkan ni wọ́n á ṣírò. Àbùlà ò gbani. Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ òfin yẹn, ó ní tiẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ka iye yẹn rárá, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti máa bu omi wò: ṣé ẹnu táńkì ni àbí ìparí gọ́tà? Ìjà ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gọ́tà Ò Ríran:
Mo ń ṣàwàdà ni o.

Kò-sí-wàhálà:
Orúkọ ẹ ò jọ ti aláwàdà.

Ọmọ Tuntun:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, 1 mg/L yẹn, báwo ló ṣe kéré tó?

Ìyá Láàbù:
Gíráàmù kan nínú 1,000 lítà. Ìṣó kékeré kan tó bá yòrò tán nínú táńkì ti ba odidi táńkì jẹ́ fún ẹ.

Ọmọ Tuntun:
Háà!

Wẹ́dà Àgbà:
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè irin tí wọ́n fi ṣe tube ẹ̀, àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú kọndẹ́ńsà. Tó bá jẹ́ stainless, ẹ má gbé háídírókílóríìkì débẹ̀, á sán án fínnífínní. Ásíìdì sítíríìkì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ wa pé háídírójìn ń jáde lójú ihò afẹ́fẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń fi ásíìdì fọ irin. Èmi ni mo gba tọ́ọ̀ṣì iná lọ́wọ́ ọmọ kan tó fẹ́ lọ jó bóòtù níbẹ̀. Mo gbá a létí. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà.

Ṣíífìtì Alẹ́:
Bíráàsì, ìyẹn idẹ, ni tube wa, bàámi.

Wẹ́dà Àgbà:
Kí ló dí i?

Ṣíífìtì Alẹ́:
Èépá náà ni.

Wẹ́dà Àgbà:
Ta ló wò ó?

Ṣíífìtì Alẹ́:
…

Jénjé Irin:
Hahaha! Kò tíì wò ó!

Baba Bọ́ílà:
Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Àwa náà dà á sí i láìwò nígbà kan. Sílíkà, irú ohun tó wà nínú yanrìn, ló wà níbẹ̀, ásíìdì wa kàn gba ojú ẹ̀ kọjá ni. A sọ omi rere di omi burúkú lásán.

Ṣíífìtì Alẹ́:
Mo ti dé o. Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kí n ṣí ẹnu ibi tómi ń gbà wọlé. Mo ki ìka bọ tube kan, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ara ẹja, ó sì ń rùn bí irà. Mo há a sórí awo, mo kán ásíìdì sí i lẹ́ẹ̀kan. Kò ṣe nǹkan kan, ó kàn jókòó. Ìgbà tí mo nu yíyọ̀ yẹn kúrò ni mo rí funfun kan lábẹ́ ẹ̀, kò nípọn ju èékánná lọ. Ìyẹn hó ṣùṣù bí mo ṣe kán ásíìdì sí i.

Baba Bọ́ílà:
Ohun abẹ̀mí ló dí kọndẹ́ńsà yín, àbúrò. Ásíìdì ò bá tiẹ̀ wí. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi omi tì gba inú tube kọ̀ọ̀kan. Funfun tó kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máà fọwọ́ kàn án lọ́dún yìí.

Akọ̀wé Àyíká:
Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi kílórììnì pa ohun tó ń hù níbẹ̀, òun náà ní òfin tiẹ̀. Part 423 kan náà: ilé-iṣẹ́ tí agbára iná ẹ̀ bá tó mẹ́gáwáàtì 25, tómi ìtutù ẹ̀ ń gba inú kọja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kílórììnì tó kù nínú omi ò gbọ́dọ̀ ju 0.20 mg/L lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ò gbọ́dọ̀ tú u jáde ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́.

Kò-sí-wàhálà:
Mo ti sọ ọ́ láti òkè. Omi alágbára.

Ìyá Láàbù:
Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ṣíífìtì Alẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ló kù. Àwọn ọ̀gá ti ra ásíìdì. Ọkọ̀ ẹ̀ wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀.

Wẹ́dà Àgbà:
Ta ló fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n gbé e wá?

Ṣíífìtì Alẹ́:
Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.