"Ìsọjí" kọ́ ló yẹ kó wà lára ògiri yẹn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín o. Ìwé tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìgbẹ̀bí ní Ìkòròdú níbí ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó dá lórí ọmọ tí kò rí ọ́síjìn tó nígbà ìbí, àti bí a ṣe ń ràn án lọ́wọ́ kó lè mí. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè dábàá "ìséèémí ìbí" fún wàhálà náà, ó sì pe ìtọ́jú rẹ̀ ní "ìsọjí ọmọ tuntun". Ẹlòmíì ní ká kúkú pe wàhálà náà ní "àìké". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mi ò lè bá wọn fọwọ́ sí ìkankan.

Láti Sábó dé Èbúté, mélòó lòpó iná tí wọn ò tíì lẹ ìsọjí mọ́? Ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọlọ́jọ́ méje, tòun ti àwòrán pásítọ̀. Ẹni tó bá kà á lára ògiri, ìpàdé àdúrà ló máa wá sí i lọ́kàn. Àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan péré ló yẹ kí ọmọ yẹn ti máa mí. Ẹni tó dákú ló sì ń sọjí. Èyí tí kò tíì mí láyé rí ńkọ́?

"Ìséèémí" ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó dùn létí. Ohun tí wọ́n bá sé, ibi tí wọ́n ti sé e la máa ń wá. Agbẹ̀bí tó bá gbọ́ ọ, ìka ló máa kì bọ ọmọ lọ́fun. Bẹ́ẹ̀, ọmọ inú oyún kì í fi imú gba ọ́síjìn. Inú ibi, èyí tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, ni tiẹ̀ ti ń wá, tó ń gba ìwọ́ dé ara rẹ̀. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, bí gìrì bá gbé aboyún, bí ibi bá já kúrò lára ilé ọmọ kí ọmọ tó jáde, bí ìwọ́ bá ṣáájú jáde tí orí ọmọ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan, ọ́síjìn á dín kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ní "ó ti rẹ ọmọ nínú". Imú ò tíì dá sọ́rọ̀ náà rárá! Nǹkan méjì la ń kó sábẹ́ orúkọ kan. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú, ẹ jẹ́ ká pè é ní "àìtó ọ́síjìn nígbà ìbí". Èyí tí ojú rí lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ká pè é ní "àìmí ọmọ tuntun".

Ẹnì kan bèèrè bóyá Òjó àti Àìná ò ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Rárá o. Ìwọ́ tó wé mọ́ ọrùn wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ Òjó ló sì ké kíkankíkan bó ṣe ń jáde.

Ní ti "àìké", èdè àwọn ìyá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá tó gbé ọmọ tí apá àtẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi wá sílé ìwòsàn lè má tíì jókòó tó fi máa sọ pé "kò ké nígbà tí mo bí i". (Ibà pọ́njú tó le náà máa ń fa irú rẹ̀, ká má gbàgbé.) Ṣùgbọ́n tá a bá kọ ọ́ sára ògiri, ẹkún lagbẹ̀bí á máa lé kiri: á gbá ọmọ nídìí, á dì í lẹ́sẹ̀ mú dorí kodò, á wọ́n omi tútù sí i lára. Ọmọ wà tó ń mí dáadáa láìké. Òmíì wà tó kàn ń la ẹnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja orí ilẹ̀. Ìyẹn ò mí, kíá ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹkún nìkan kọ́ la fi ń mọ bí ara ọmọ ṣe rí. Nǹkan márùn-ún ni òṣùwọ̀n ara ọmọ tuntun tí Dr Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1953 ń wò: àwọ̀ ara, ìlù ọkàn, bí ọmọ ṣe ń fèsì tí wọ́n bá tọ́ ọ, agbára iṣan, àti mímí.

Orúkọ tí mo mú wá fún ìtọ́jú náà ni "ìbọ́mọmí", láti inú bá ọmọ mí, bí "ìsọmọlórúkọ" ṣe wá látinú sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Á fi aṣọ gbígbẹ nu ọmọ, á ju aṣọ tó ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa mí níbẹ̀. Èyí tí kò bá mí, á gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, á fi ẹnu Ambu, báàgì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ kó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọmọ, bò ó nímú àti lẹ́nu, á máa rọra tẹ báàgì náà, bí ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ á sì wà láyà ọmọ bóyá ó ń gbéra. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ti tó bẹ̀rẹ̀ fọ́mọ tó pé oṣù, kò dìgbà tí sílíńdà ọ́síjìn bá dé. Nọ́ọ̀sì ń bá a mí títí tí ọmọ fúnra rẹ̀ á fi gbà á ṣe.

Orúkọ yìí tún ṣeé pariwo. "Ẹ bá a mí!" á yé ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá. Àbúrò tó dábàá "ìmúmí" gbìyànjú, àmọ́ àwọn atẹ̀wé wa kì í fàmì sọ́rọ̀. "Imumi" á di mímu omi, ẹ sì mọ bí àwọn màmá wa ṣe máa ń kánjú fomi sọ́mọ lẹ́nu.

Ambu fúnra rẹ̀ ni mi ò tíì rí orúkọ gidi fún. "Báàgì èémí" ni mo kọ sínú àdàkọ, ẹnì kan sì ti ní ó jọ báàgì ọjà létí òun. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó tètè mú un wá kí wọ́n tó gbé e lọ fún atẹ̀wé.