Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí omi táǹkì òtẹ́ẹ̀lì wa

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń bá àǹtí mi bójú tó òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ojúde Ọba ń bọ̀, gbogbo yàrá ló máa kún, bẹ́ẹ̀ àwọn yàrá òkè ti wà ní títì tipẹ́, omi sì ti dúró nínú páìpù wọn. Àrùn Legionnaires ló ń bà mí lẹ́rù, èyí tó kọlu àwọn tó lọ ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Legionella, tó máa ń wà nínú omi wínníwínní tó ń fẹ́ jáde lẹ́nu ṣáwà, ló máa ń dá a sílẹ̀ téèyàn bá fà á símú, ó sì máa ń di nimóníà, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà, àwọn bàbá àti ìyá wa ló sì máa ń wálé jù lásìkò yẹn.

A ti fọ táǹkì, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. A tú orí ṣáwà, a ha èépá funfun inú ẹ̀ kúrò, a sì ń ṣí gbogbo ẹ̀rọ kí omi tó ti dúró lè ṣàn dànù. Wọ́n ní kòkòrò yìí ń gbèrú láàárín 20 sí 45 digiri, pé kí omi tútù má kọjá 20, kí táǹkì omi gbígbóná tó 60. Ti gbígbóná ṣeé ṣe, àmọ́ táǹkì dúdú lórí òrùlé nínú oòrùn tiwa yìí ò lè wà nísàlẹ̀ 20 láé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa omi, báwo ni mo ṣe máa wọn kiloríìnì sí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ kó lè ká kòkòrò yìí lápá kó má sì pa àlejò lára?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀ o, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.