Kí ìyáàlù sọ̀rọ̀ kó yé wa: ẹ̀yin tó ti dé ibi eré orin láìpẹ́, ẹ wá síbí

Aṣàmójútó ẹgbẹ́
Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú àsìkò o. Eré orin pọ̀ lọ jàra báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, Dìsẹ́ńbà náà sì ń bọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa wọlé sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ti débi eré láìpẹ́ kó sọ ohun tó máa ṣe ẹlòmíì láǹfààní: ibi tó dáa láti dúró sí, bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà, ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ìdí tó fi ń bàjẹ́. Ẹ má kọ ìtàn aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ. Gbogbo wa ti rí fọ́tò.

Ọmọ Àyàn, Manchester
Ibi tó ń ká mi lára jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀: ìyáàlù. Ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn lókè òkun, ẹ máa rí onílù tó ń làágùn, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Ẹ má dá onílù lẹ́bi. Ẹni tó wà nídìí míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ohùn, ló kà á sí ìlù ijó lásán. Ó ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní gate sórí máìkì rẹ̀, èyí tó máa ń pa máìkì lẹ́nu mọ́ tí ohùn bá ti rọlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù kì í sì í le tó tòkè. Tí gate bá ti gé e, dò ti lọ, mí nìkan ló kù, ta ló máa gbọ́ oríkì nínú ìyẹn? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wá da reverb lé e, ìyẹn ohùn tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá. Reverb dáa fún akọrin, àmọ́ tó bá kan ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni gbólóhùn kan á máa gun èkejì lẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pe àwọn onílù wá, ẹ bá ẹni tó ń yí ohùn sọ̀rọ̀ kí èrò tó dé. Máìkì kékeré tí wọ́n máa ń há mọ́ ara ìlù ni kẹ́ ẹ béèrè, torí onílù kì í dúró lójú kan. Tí máìkì bá wà lórí irin, gbogbo ìgbà tí onílù bá sún mọ́ ọlọ́jọ́ ìbí láti kì í ni ohùn ìlù á sọnù. Tí kò bá sí irú rẹ̀, máìkì SM57 tó wà káàkiri náà á ṣe é: kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, kó dagun díẹ̀ kí kọ̀ǹgọ́ má baà gbá a. Ojú kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbé máìkì sí. Bí wọ́n bá ta kú pé ojú méjèèjì ni, kí wọ́n yí polarity ọ̀kan padà, ìyẹn kí wọ́n dojú ohùn rẹ̀ délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn méjèèjì á máa pa ara wọn. Ṣaworo ò nílò máìkì tiẹ̀, á bá tìyáàlù wọlé.

Kí wọ́n gé ohùn tó bá wà lábẹ́ 80 Hz (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tó) kúrò, kí ariwo ẹsẹ̀ orí ìtàgé má baà gba inú máìkì wọlé, àmọ́ kí wọ́n má fọwọ́ kan àárín 100 sí 400. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlù wà, ibẹ̀ náà sì ni gìtá béèsì àti ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti máa ń bá a du àyè. Béèsì ni kí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ìyáàlù ni kí wọ́n gbé sókè. Tẹ́ ẹ bá gbé ìyáàlù sókè jù, sípíkà á hu. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú lè pín máìkì kan lò. Gúdúgúdú ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ púpọ̀: ìda tó wà lójú rẹ̀ àti bílálà méjì tí wọ́n fi ń lù ú ti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ mú tó láti la ariwo kọjá.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Àwa tí a kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí a ò lè bá ẹni tó ń yí ohùn sọ̀rọ̀ ńkọ́? Níbo la máa dúró?

Ọmọ Àyàn, Manchester
Ẹ wo ibi tí tábìlì míkísà wà, kẹ́ ẹ dúró níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń yí ohùn ń gbọ́ ló ń tún ṣe, ohun tẹ́yin náà máa gbọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ iwájú, ẹ wo sípíkà ọ̀tún àti tòsì: bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ni kí ẹ̀yin náà jìnnà sí wọn, láàárín gbùngbùn. Ẹ sá fún ìdí ògiri àti igun, béèsì máa ń kóra jọ síbẹ̀, á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́ bálíkónì náà ò dáa.

Ní pápá gbalasa, irú pápá Durbar ní Ọ̀yọ́, kò sí ògiri tó ń dá ohùn padà, torí náà ìlù máa ń yéni ju ti gbọ̀ngàn oníkọnkéré lọ. Àmọ́ ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó dúró ní mítà 34 sí sípíkà á rí i tí ọwọ́ onílù bọ́ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Kò sóhun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ kàn sún síwájú.

Ọmọ Òkè Ẹlẹ́rìn, Peckham
Ti tíkẹ́ẹ̀tì. Gbọ̀ngàn The O2 ní North Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, AXS ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wọn, orí áàpù ló sì máa ń wà. Ẹ wọlé sórí áàpù yẹn nílé, kẹ́ ẹ sì gba agbára sínú fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò, torí níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá kóra jọ sí, íntánẹ́ẹ̀tì kì í wọlé dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ta fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn: kóòdù àwọn tíkẹ́ẹ̀tì òde òní máa ń yí padà léraléra, fọ́tò rẹ̀ ò sì ní ṣí ilẹ̀kùn. Kó fi ránṣẹ́ sí orúkọ yín nínú áàpù, kẹ́ ẹ rí i kó ti dé, kẹ́ ẹ tó sanwó. Báàgì tó bá tóbi ju ìwé A4 lọ ò ní wọlé. Ní alẹ́ Fráìdè àti Sátidé, ọkọ̀ ojú irin Jubilee ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ má torí ọkọ̀ àkẹ́yìn sá kúrò kí ọ̀gá orin tó jáde.

Ọ̀rọ̀ èrò wá kù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Dìsẹ́ńbà 2022, níbi eré Asake ní gbọ̀ngàn Brixton Academy ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn méjì ló kú nínú ìfúnpọ̀ èrò lẹ́nu ọ̀nà, gbọ̀ngàn yẹn ò sì ṣí padà títí di Épírì 2024. Ẹ fi ojú wọn ilẹ̀: tí èèyàn bá ti ju márùn-ún lọ lórí mítà kan níbùú àti lóròó, ara yín ò sí lọ́wọ́ yín mọ́, ibi tí èrò bá ń lọ lẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí kò sí ìlà, tí àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ń ti ilẹ̀kùn, ẹ padà sílé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Tó bá ti ká yín mọ́ inú rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú àyà kí àyè èémí lè wà, ẹ má ta ko èrò. Nígbà tó bá rọ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí tẹ́ ẹ fi máa jáde. Bàtà tó bọ́, fóònù tó já bọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Nọ́ọ̀sì, Toronto
Ẹ má gbàgbé etí. Ohùn tó bá tó desibẹ́ẹ̀lì 85, etí lè gbà á fún wákàtí 8. Bó bá ṣe ń fi 3 lé sí i ni àkókò yẹn ń dín sí ìdajì: 88 wákàtí 4, 91 wákàtí 2, 94 wákàtí 1. Tó bá fi máa di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni, iwájú sípíkà sì máa ń tó 100 dáadáa. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní NIOSH SLM lórí iPhone, ọ̀fẹ́ ni, á wọn ohùn ibi tẹ́ ẹ jókòó fún yín. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún orin. Ti fóòmù máa ń gé ohùn òkè jù, ìyáàlù á wá dà bíi pé ó wà nínú yàrá kejì. Òwú lásán ò ṣe nǹkan kan. Ọmọdé tẹ́ ẹ bá gbé lọ, ìbòtí ńlá ni kẹ́ ẹ fi sí i lórí.

Ará Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé.

Aago 8 alẹ́ tó wà lára ìwé ìpolówó, aago 8 tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í to àga ni. Ọ̀gá olórin kì í sábà bọ́ sójú agbo kó tó di aago 11. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹni tó ń bọ̀ látòkè òkun tó fẹ́ sá fún ọ̀nà jíjìn, pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin ló sún mọ́ wa jù, kò jìnnà ju bí Ọ̀yọ́ ṣe jìnnà sí wa lọ. Tí eré bá wà ní Ọ̀yọ́, ẹ sùn sí Ọ̀yọ́. Ẹ má wa ọkọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru torí pé orin ti dùn: tírélà pọ̀ níbẹ̀, iná ara wọn ò sì ṣe é gbọ́kàn lé.

Ẹni tó bá ń ṣe ayẹyẹ tó fẹ́ gbé olórin wá, jẹnẹrétọ̀ ló máa ń ba eré jẹ́, kì í ṣe olórin. Tí gbogbo ẹ̀rọ bá ń jẹ 5 kVA, ẹ má háyà èyí tó kéré sí 10. Gbogbo ìgbà tí béèsì bá kù gììrì ló máa ń fa iná lójijì, iná á ṣẹ́jú, míkísà ayé òde òní á sì kú, á tún máa gbéra bíi kọ̀ǹpútà nígbà tí gbogbo agbo ń wò ó. Nítorí náà, ẹ fi UPS (bátìrì tó máa ń gbé ẹ̀rọ ró tí iná bá ṣẹ́jú) sí míkísà nìkan, ẹ má so fíríìsà oní-mínírà mọ́ iná kan náà pẹ̀lú sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé, gáàsì inú èéfín rẹ̀ máa ń pani láìrùn.

Owó níná. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007, abala 21, sọ pé fífi náírà lẹni lórí, jíjó lé e àti títà á lóde àríyá, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní 2024, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ẹ̀, láìsí pé kó san owó dípò.

Ìyá Ìbejì, Houston
Hàà. Kí onílù kì mí dé orí baba mi, kí n máa rẹ́rìn-ín lásán bí?

Ará Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
Rárá o, ìyá. Ẹ fi sínú àpòòwé, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó dúró ti olórin, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Wọ́n á ka orúkọ yín lórí máìkì tí alert bá ti wọlé. Ẹ ya ti onílù sọ́tọ̀ o, torí ohun tó bá wọ ọwọ́ olórin kì í sábà dé ọwọ́ ẹni tó di gúdúgúdú mú.

Ọmọ Aláàfin, Birmingham
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ra ìlù bọ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹ jẹ́ kí onílù lù ú sétí yín, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn wo bó ṣe dán. Ẹ fún ọṣán pọ̀ kẹ́ ẹ lù ú, ẹ tú u kẹ́ ẹ tún lù ú: ohùn gbọ́dọ̀ lọ sókè kó sì wálẹ̀ láìfọ́, ojú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹ wo etí awọ bóyá ó ń ya. Ọyẹ́ Dìsẹ́ńbà máa ń gbẹ awọ, ohùn á lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má sọ pé ìlù yẹn le jù. Tó bá dé ibi tó ní ọ̀rinrin, á rọ̀. Nílé tẹ́ ẹ ń gbé, ẹ má gbé e sí ìdí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná, awọ á sán. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ síbi eré nígbà òtútù, ẹ ṣí àpò rẹ̀ ní gbọ̀ngàn fún bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó lù ú.

Ní pápákọ̀, wọ́n lè bi yín bóyá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ NCMM, àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, ṣáájú, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé awọ ẹran wà lára rẹ̀. Ọsirélíà kì í fi èyí ṣeré rárá. Ìlù tí wọ́n ti ṣe parí ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má kó awọ ewúrẹ́ tí irun ṣì wà lára rẹ̀. Onílù kan ní New York kó àrùn anthrax ní 2006 láti ara irú awọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òkè Ẹlẹ́rìn, Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gba ohùn sílẹ̀: ẹ pa ohun tó ń yọ ariwo kúrò lórí fóònù, torí ìlù ló máa ń kà sí ariwo. Ẹ má fi ìka bo ihò máìkì. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Zoom H1essential, kò nílò pé kẹ́ ẹ yí ohùn, ẹ kàn fi fóòmù bò ó kí ọyẹ́ má baà fẹ́ sí i. Ẹ fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, kó má baà fún un pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ìbéèrè kan ló kù. Báwo ni onílù tí kò mọ̀ mí ṣe máa mọ oríkì ìdílé mi?

Ọmọ Àyàn, Manchester
Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ yín, ti bàbá yín, ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti orílẹ̀ yín, Oníkòyí ni o, Òpómúléró ni o. Ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ, tàbí kẹ́ ẹ pè é sí i létí, torí àmì ohùn yẹn gan-an ló máa lù. Ẹni tó di ìyáàlù mú ni kẹ́ ẹ fún, kì í ṣe olórin. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń fún ọṣán, tí wọn ò tíì lù.