Mọ́nàmọ́ná mi tí kì í ṣán ènìyàn, kí ló dé tó fi ṣán àlejò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ejò, ẹ gbà mí o. Ọdún 3 rèé tí mo ti ń sin mọ́nàmọ́ná yìí ní Ilé-Ifẹ̀, kò ṣán ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi dé láti Iléṣà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ adìyẹ tán, wọn ò tíì fọwọ́, wọ́n nawọ́ sí i. Ó yọ ahọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ká ọrùn bí ìwọ̀, ó bù wọ́n ṣán, ó sì tú wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ṣú, kò fẹ́ bọ́ awọ. Ó jẹ eku lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti gbé e látìgbà náà, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ló pè wọ́n, ṣé kò ní wé mọ́ wọn lọ́wọ́? Òórùn adìyẹ ló fà á ni, àbí ẹ̀rù àlejò ló bà á?