Wọ́n yàn mí fún Staff College, mi ò sì wọ aṣọ ológun rí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi láyà, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá wà láàárín wa.

Òṣìṣẹ́ alágbádá ni mí ní ilé-iṣẹ́ ètò ààbò. Ìwé ìnáwó àti kọ́ńtíráàtì ni iṣẹ́ mi: epo, táyà, ẹ̀yà ẹ̀rọ, àgọ́, oògùn. Ohunkóhun tí àwọn ọmọ ogun bá fẹ́ rà, ìwé rẹ̀ á dé orí tábìlì mi kí owó tó jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àfi bí orúkọ mi ṣe jáde mọ́ àwọn tó ń lọ sí Staff College, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí wọ́n ṣe ń ṣètò ogun, ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún kan. Mejọ̀ (Major) ló pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láti inú ọmọ ogun ojú omi àti ti òfurufú. Àwa alágbádá ò ní ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ láàárín wọn.

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ní kí n má lọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ogun ò kan ẹni tó ń ṣírò owó, àti pé kí n tó padà dé, ẹlòmíràn á ti jókòó sórí àga mi. Ìyẹn ń dà mí láàmú. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ológun kún fún ìkékúrú. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní ìpàdé, létí tèmi, bí ẹni ń pe ábídí lásán ni. Wọ́n sì tún ní ẹ̀kọ́ kan wà tí èèyàn lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́, láì kúrò ní ọ́fíìsì. Ṣé kí n kúkú mú ìyẹn?

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo tiẹ̀ ṣe máa pè wọ́n? Ìpele èmi àti àwọn míì nínú àwọn mejọ̀ yẹn dọ́gba, àwọn kan sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni fín, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ mí di ọmọ iṣẹ́.

Àǹtí Akọ̀wé:
Àbúrò mi, lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ẹ dúró.

Alágbádá ni èmi náà nígbà tí mo lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á le, mi ò ní tàn ẹ́. Wọ́n á pín yín sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní síńdíkéètì: ọmọ ogun ilẹ̀, ti omi, ti òfurufú, ọ̀gá kan láti orílẹ̀-èdè míì, àti ìwọ. Gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n ti mọ ohun gbogbo. Tí wọ́n bá pe ìkékúrú tó ò mọ̀, gbé ọwọ́ sókè kó o ní kí wọ́n là á yé ẹ. Nígbàkigbà tí mo bá béèrè, mo máa ń rí i tí àwọn ọmọ ogun ojú omi náà á mí kanlẹ̀, torí pé ìkékúrú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ò yé àwọn náà.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó fi hàn mí pé àyè mi wà níbẹ̀. A ń ṣètò lórí máàpù bí bírígéèdì kan, ìyẹn ọ̀wọ́ ńlá ọmọ ogun, á ṣe kọjá odò. Wọ́n ti fa ọfà búlúù fún àwa, wọ́n ti fa pupa fún ọ̀tá, ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu gbogbo wọn. Mo wá béèrè pé: epo tí gbogbo ọkọ̀ yìí máa jó, ta ló ń gbé e bọ̀? Ṣé a ti bá wọn ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀, àbí ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ìwé? Yàrá dákẹ́. Wọ́n ò tíì ronú kàn án. Mejọ̀ tó ń darí ètò náà fi bírò fa igi lé ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí máàpù, ó sì dá ìkọlù náà dúró di ọjọ́ míì. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ parí ètò kankan kí wọ́n má kọ́kọ́ wo ojú mi.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ nìyí: gba ìwé kó o tó lọ. Má gba "a máa rí i tó o bá dé". Kí lẹ́tà sọ pé ipò rẹ ń dúró dè ẹ́, tàbí kó sọ ibi tí wọ́n á fi ẹ́ sí tó o bá parí. Mo mọ àwọn tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ tán, tí wọ́n dá wọn padà sídìí fáìlì tí wọ́n fi sílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ń dùn mí wọra títí dòní. Ìnáwó ìlú ni, ọgbọ́n tí ìlú nílò sì ni.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú àyẹ́sí. Mo ti kọ́ni ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn alágbádá tó sì gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ipò kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń kó alágbádá sí ìtìjú jù. Ẹ há àtẹ ipò sórí kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Kápítéènì ọmọ ogun ilẹ̀ kéré sí mejọ̀. Ṣùgbọ́n kápítéènì ọmọ ogun ojú omi, ẹgbẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Group Captain ni ẹgbẹ́ wọn ní òfurufú. Nọ́ńbà ni NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fi ń yanjú ẹ̀, láti OF-1 dé OF-10: mejọ̀ wà ní OF-3, kọ́nẹ́ẹ̀lì àti kápítéènì ojú omi jọ wà ní OF-5. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti yé yín, orúkọ ò ní dà yín láàmú mọ́.

Ẹ fi ipò pè wọ́n lójú àwọn olùkọ́ àti àlejò. Nínú síńdíkéètì, àwọn fúnra wọn á sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa pe àwọn. Alágbádá kì í ṣe sàlúù, ẹnikẹ́ni ò sì ní retí ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ wọlé lásìkò, ẹ jẹ́ kí ìwé yín mọ́, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún yín.

Ní ti ẹ̀kọ́ gan-an, wọn ò ní kọ́ yín níbọn yíyìn. Bí èèyàn ṣe ń ronú nígbà tí àsìkò ò sí tí ìròyìn ò sì pé ni wọ́n á kọ́ yín. Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni: ẹ pín ojú ìwé sí òpó mẹ́ta. Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ sí òpó kìíní. Ní òpó kejì, ẹ kọ ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ. Ní ẹ̀kẹta, ẹ kọ ohun tá a máa ṣe sí i. Ẹ jẹ́ ká ní òjò máa bẹ̀rẹ̀ kí oṣù tó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á kọ ìyẹn sílẹ̀, á sì kọjá lọ, olùkọ́ á wá fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "kí ló wá kàn wá?" Òpó kejì ló máa dáhùn: ọ̀nà etí odò á di ẹrẹ̀, ọkọ̀ tó wúwo ò ní lè gbà á. Òpó kẹta wá ní ká kó ohun tó wúwo kọjá kí òjò tó dé, tàbí ká tètè bẹ àwọn ẹnjiníà lọ́wẹ̀ kí wọ́n tẹ́ ọ̀nà. Ohun tí ò bá dé òpó kẹta, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé yín, bó ti wù kó dùn ún kà tó.

Oníṣirò ni yín. Ẹ ti ń ṣe irú èyí lórí ìwé kọ́ńtíráàtì lójoojúmọ́, àwọn mejọ̀ mìíràn ló máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ, pé ẹ̀kọ́ ogun ò kan oníṣirò, lèmi fẹ́ fèsì sí. Ìtàn ò gbè wọ́n rárá.

Lóòótọ́, torí àwọn ológun nìkan ni irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Napoleon ti Faransé fọ́ ogun Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì, ní Jena ní 1806, Scharnhorst, ọ̀gágun Prussia, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìgboyà nìkan ò tó mọ́, ọ̀gá ológun gbọ́dọ̀ kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun ṣí ní Berlin ní 1810, Clausewitz, ọ̀gágun tó kọ ìwé ńlá lórí ogun, sì di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ láti 1818 títí di 1830.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amẹ́ríkà nígbà tó wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917. Ọ̀dọ́ tó ṣe tán láti jagun pọ̀ lọ súà. Ohun ìjà ni kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn ńlá àti ọkọ̀ òfurufú tí àwọn ọmọ ogun wọn lò, ọwọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbà á, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tiwọn ò tètè rí i ṣe, ètò ríra ọjà wọn sì dàrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Army Industrial College sílẹ̀ ní 1924, láti máa kọ́ àwọn ọ̀gá ológun nípa irin, epo, ilé-iṣẹ́ àti kọ́ńtíráàtì. Eisenhower, ọ̀gágun tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, tó ṣe ipò kìíní ní Staff College wọn ní Leavenworth ní 1926, tún lọ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì parí ní 1933. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn ń jẹ́, ní National Defense University ní Washington, ológun àti alágbádá ló sì jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ orí tábìlì yín ló bí odidi ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ò yọ alágbádá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Imperial Defence College sílẹ̀ ní 1927, èyí tó ń jẹ́ Royal College of Defence Studies lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ ti NATO, tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1951 kó tó kó lọ sí Rome ní 1966. Ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 tó wá di National Defence College, ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ológun.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ti íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo ṣe, torí pé ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè fi wọ́n tì fún ọdún kan. Tí wọ́n bá ti sùn ni màá ṣí ìwé. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ gidi, àga mi ò sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí ẹrù ilé bá pọ̀ lọ́rùn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi pé ẹ mú un. Ẹ̀kọ́ kúkúrú tó dá lórí ríra ohun èlò ológun nìkan náà wà, ó sì lè wúlò fún iṣẹ́ yín ju kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó bírígéèdì kọjá odò lọ.

Ohun tí mi ò rí ńbẹ̀ ni èèyàn. Mo mọ ìwé, mi ò ní ọ̀gá kankan tí mo lè pè ní fóònù pé "ẹ gbà mí, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe gan-an?"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Fẹ̀yìntì:
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú iṣẹ́ ọmọ. Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Nimitz, tó darí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Pàsífíìkì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wà ní Naval War College, ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Newport, ní 1922 sí 1923, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ogun dán ogun pẹ̀lú Japan wò lóríṣiríṣi. Nígbà tí ogun náà wá dé, tó parí, ó sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pàsífíìkì ò ya àwọn lẹ́nu, àyàfi àwọn awakọ̀ òfurufú Japan tó ń fi ara wọn kọlu ọkọ̀ ojú omi. Ojúkojú ni wọ́n ta eré yẹn, wọ́n bá ara wọn jiyàn, wọ́n mọ ẹni tó máa ń kánjú àti ẹni tó máa ń fara balẹ̀. Nínú ìwé kíkà nìkan, èèyàn ò lè rí ìyẹn. Oníṣirò, tí ilé bá gbà yín láyè, ẹ lọ jókòó tì wọ́n.

Oníṣirò:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn mi ti balẹ̀, ilé sì gbà mí láyè. Ó ku ẹyọ kan. Tí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí kọ́ńtíráàtì fi máa ń pẹ́, òótọ́ tí mo mọ̀ á kan àwọn tó jù mí lọ. Ṣé mo lè sọ ọ́, àbí ó máa padà wá bá mi ní ọ́fíìsì?

Àǹtí Akọ̀wé:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Níbi tó pọ̀, ìlànà Chatham House ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tó ti wà láti 1927: o lè lo ohun tó o gbọ́, o ò gbọdọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́. Béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá òfin ilé ẹ̀kọ́ tìrẹ nìyẹn. Kódà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò ni kó o bá wí, má bá èèyàn wí. Sọ ìgbésẹ̀ tó ń fa ìdádúró, iye ibi tí ìwé máa ń yà sí kó tó gba òǹtẹ̀, àti èyí tí a lè gé kúrò. Ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ àṣírí lù, má mú un dání, má tọ́ka sí iye tó wà nínú ẹ̀. Kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ń wádìí lọ́wọ́, fi sílẹ̀ pátápátá.

Olùkọ́ Ìtàn:
Tó bá wá di kíkọ, ẹ fi ìmọ̀ràn yín sí ìlà àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá ológun ò ní dúró dé ojú ewé kẹta kí wọ́n tó mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Fẹ̀yìntì:
Lórí lẹ́tà tí Àǹtí Akọ̀wé ní kẹ́ ẹ gbà: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá yín nìkan ló fọwọ́ sí i, torí wọ́n lè gbé àwọn náà kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wọ fáìlì yín, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ kọ gbogbo kọ́ńtíráàtì tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, ibi tí ìkọ̀ọ̀kan dé àti ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹni tó máa di ipò yín mú rí nǹkan tẹ̀ lé.

Oníṣirò:
Mo gbọ́, sà. Láàárọ̀ ọ̀la ni màá lọ bá wọn ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́.